Àga Bàbá Mi

Ní ọdún 2015, mo ta àga mẹ́rin tí bàbá mi ti ń lò kí wọ́n tó bí mi. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri Bódìjà ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń ra irin àti àlòkù, ni mo tà á fún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni wọ́n kà sí mi lọ́wọ́ lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi náà bá wọn di ẹsẹ̀ ọ̀kan mú nígbà tí wọ́n ń gbé e sókè. Mo rántí pé ó wúwo, mo sì rántí pé ọ̀kan nínú wọn ní, "Mọ́mì, igi gidi lèyí o." Mi ò dá a lóhùn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí pálọ̀ tètè ṣófo, torí ọkọ̀ tó ń gbé kúṣìnì tuntun bọ̀ ti wà lójú ọ̀nà.

Mò ń kọ èyí fún ẹni tí òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó jókòó sáàárín ẹrù àtijọ́, tí kò mọ èyí tí yóò dà nù àti èyí tí yóò tọ́jú. Ẹ dákun, ẹ má tíì gbé nǹkan kan jáde.

Bàbá mi papò dà ní 2014. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ wà ní Bódìjà àtijọ́, lára àwọn ilé tó wáyé lẹ́yìn tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ ilé kíkọ́ sílẹ̀ ní 1958. Fèrèsé onílúfà wà lápá méjèèjì pálọ̀, débi pé atẹ́gùn tó bá gba ibí wọlé á gba ọ̀hún jáde. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi gbé ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ró, tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, oòrùn á gba ojú ihò wọn ya àwòrán sílẹ̀. Ilẹ̀ jẹ́ tẹ́rásò: òkúta màbù wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ lọ̀ títí ó fi dán. Inú ilé yẹn ni mo dàgbà sí, síbẹ̀ mi ò rí ọ̀kankan nínú gbogbo èyí. Àtijọ́ nìkan ni mò ń rí. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi tó kọ́lé sí Akóbọ̀ ló ní kúṣìnì aláwọ ràgàjì-ràgàjì, tí ọ̀kan ṣoṣo ń gba ìdajì pálọ̀. Irú rẹ̀ lèmi náà fẹ́.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni mo fi ra tèmi. Ọdún kẹta ni awọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kì í ṣe awọ rárá. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ooru Ìbàdàn àti òógùn ara pa pọ̀ mọ́ ọn, ó wá ń bọ́ bí awọ ejò. Ẹni tó bá dìde lórí rẹ̀ á gbé èépá dúdú lọ lẹ́yìn aṣọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí apá rẹ̀, ó dá. Nígbà tí a tú aṣọ abẹ́ rẹ̀ wò, pákó arère ẹlẹgẹ́ ni wọ́n kàn pọ̀ sínú, wọ́n sì fi páálí di ibi tó ṣófo. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mò ń wo páálí yẹn. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọlanke padà sí mi létí: igi gidi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ tú àpótí fọ́tò. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n yà lọ́jọ́ ìkómọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní 1964. Bàbá mi jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, apá wọn méjèèjì sinmi lé apá àga. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wo àga náà bí ẹni ń wo nǹkan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tín-ín-rín, wọ́n ṣẹ́ síta díẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ màlúù. Apá rẹ̀ pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ ọlọ́kọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ fì sẹ́yìn níwọ̀nba. Kúṣìnì méjì péré ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, tí èèyàn lè ká jáde lọ sá sóòrùn. Kò sí ọnà, kò sí òdòdó. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ igi náà nìkan ni ọ̀ṣọ́ rẹ̀.

Àga ayé Awólọ́wọ̀ là ń pè é nílé wa. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti wá rí i pé gbogbo ayé ló ń wá irú rẹ̀ báyìí, pé mid-century modern, ìyẹn àrà ìgbàlódé àárín ọ̀rúndún tó kọjá, ni àwọn òyìnbó ń pè é, àti pé ìlú Denmark ló lókìkí jù fún un. Àga tí Hans Wegner ṣe níbẹ̀ ní 1949 ni wọ́n gbé fún Kennedy àti Nixon láti jókòó sí lórí tẹlifíṣàn ní 1960, nígbà tí wọ́n ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà. Mo wo fọ́tò àga yẹn, mo wo ti bàbá mi, mo sì rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìbàdàn kò sùn nígbà yẹn. Fry àti Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ya àwòrán yunifásítì wa, ilé tó jẹ́ pé atẹ́gùn ni wọ́n kọ́kọ́ rò kí wọ́n tó ro ògiri. WNTV, tẹlifíṣàn Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1959, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Cocoa House parí ní 1965. Àwọn káfíńtà wa ń fi ìrókò àti ọ̀gànwó gbẹ́ àga tó bá ilé wọ̀nyẹn mu. Ìgbà ìrètí ni ìgbà náà, ó sì hàn nínú àga. Èmi ta ìrètí yẹn ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.

Mo wá àwọn ọlọ́mọlanke títí. Wọn ò rántí. Ta ni yóò rántí àga mẹ́rin lẹ́yìn ọdún mẹ́ta? Dípò kí n ṣe sùúrù, mo ní màá ra irú rẹ̀. Wọ́n ṣe gbàǹjo ẹrù àtijọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Mo lọ, mo rí àga méjì tó jọ ti bàbá mi dáadáa. Mi ò yí i padà wò. Mi ò fọwọ́ kàn án. Owó ni mo yọ.

Ọjọ́ kẹrin tó délé ni mo rí ìyẹ̀fun lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ó funfun rúsúrúsú, ó kúná bíi èlùbọ́ tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé eruku ni, mo gbá a. Ní ọjọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀, òkítì kékeré tó ṣe ṣóńṣó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ihò tó tó orí abẹ́rẹ́ ló kún ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà, ìyẹ̀fun sì ń jáde látinú ọ̀kan bí mo ṣe ń wò ó. Kòkòrò ló wà nínú igi, ó ń jẹ ẹ́ látinú.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn èyí ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe. Mo lọ ra òògùn dúdú tí àwọn káfíńtà fi ń kun igi òrùlé, mo kùn ún sára àga náà nínú pálọ̀, mo sì ti fèrèsé kí eruku má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orí ń fọ́ mi bíi pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Ọmọ-ọmọ mi tó sùn sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ń wú ikọ́, àyà rẹ̀ ń dún. A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n títí di òní, tí mo bá gbóòórùn òògùn yẹn lọ́nà, àyà mi á já. Òògùn igi òrùlé kì í ṣe òògùn ohun tí èèyàn ń gbé ara lé. Òórùn rẹ̀ lo oṣù méjì nílé wa. A sun àga méjèèjì nígbẹ̀yìn.

Ohun tí mo mọ̀ báyìí rèé. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ dojú àga dé. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, inú igun rẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ gbá a lórí aṣọ dúdú, kí ẹ wò bóyá ìyẹ̀fun á já sílẹ̀. Tí ihò bá wà ṣùgbọ́n tí ẹnu ihò ti dúdú, tí ìyẹ̀fun kò sì jáde, ó lè jẹ́ pé kòkòrò ti lọ tipẹ́. Tí ẹnu ihò bá mọ́ tó dà bíi pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ irú igi náà pẹ̀lú. Àárín ìrókò le fún kòkòrò, ṣùgbọ́n apá ìta igi, èyí tó funfun, oúnjẹ wọn ni. Arère àti àfárá kò ní agbára kankan sí wọn. Tí ẹ bá ti ra èyí tó ní kòkòrò, ẹ má gbé e wọlé. Nínú oòrùn oṣù kejì tàbí ìkẹta, ẹ fi ọ̀rá dúdú dì í típẹ́típẹ́, kí ẹ fi sí gbangba fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ooru tó wà nínú ọ̀rá yẹn á ṣe iṣẹ́ púpọ̀ kí ẹ tó ronú kan òògùn. Ìta sì ni kí ẹ ti lo òògùn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́.

Àga bàbá mi gan-an, kì í ṣe wíwá ni mo fi rí i. Ó rí mi ni. Ní 2019, mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ ra ẹran sísun ní Mọ́kọ́lá. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ń ta ọtí, ó sì gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ àdògán, ó gbé agbada ata lé e lórí. Ẹsẹ̀ àga yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Mo dúró. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wo abẹ́ àga yín?" Ó wò mí títí, ó gbé agbada kúrò. Mo yí àga náà padà. Ọ̀dà funfun ni bàbá mi máa ń fi kọ lẹ́tà orúkọ wọn sí abẹ́ gbogbo àga ilé, torí àwọn aládùúgbò máa ń wá yá a nígbà ìnáwó, bàbá mi kì í sì í fẹ́ kí ó sọnù. Lẹ́tà méjèèjì wà níbẹ̀, nọ́ńbà 4 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀dà náà ti ń ṣí ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá mi ni. Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Nọ́ńbà 1 wà ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Nọ́ńbà 2 wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ọjọ́ọ̀, apá kan ti ya kúrò lára rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà ni mo san lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin náà kò ré mi jẹ. Ó ti rí ojú mi, ó sì lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdùnnú mú mi ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù lọ nínú gbogbo èyí. Ohun kan tí mi ò tà ni rédíògíráàmù bàbá mi, rédíò inú àpótí igi tó tún ń lu àwo orin, Grundig láti Jámánì, tí a ti fi aṣọ bò ní yàrá ẹrù láti bí ogún ọdún. Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà kan wá sọ àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti àpótí rédíò yìí di tuntun. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo lò: "Sọ ọ́ di tuntun fún mi." Ó mú ẹ̀rọ sáńpépà rẹ̀ wá, ó sì ṣe ohun tí mo ní kó ṣe.

Ara àpótí rédíò kì í ṣe igi kan láti òkè dé ilẹ̀. Igi olówó iyebíye ni wọ́n bó tín-ín-rín, kò nípọn ju páálí káàdì lọ, wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó lásán. Mi ò mọ̀, ọmọ náà kò sì béèrè. Ẹ̀rọ náà kan orí àpótí, eruku pupa gbéra, eruku náà wá yí àwọ̀ padà lójijì, ó di funfun. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo pariwo, ó gbé ọwọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ kan ti wà lórí rédíò bàbá mi, ó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, pákó funfun ń wò wá láti abẹ́ rẹ̀. Ibi tí bàbá mi máa ń gbé ife tíì lé tí wọ́n bá ń gbọ́ ìròyìn aago mẹ́rin gan-an ni. Òrùka ife yẹn, tí ìyá mi máa ń bá wọn jà lé lórí, ti bá eruku lọ.

Mo jókòó sínú eruku yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ń bẹ̀ mí. Ẹ̀bi tèmi ni. Ẹni tó ní kí wọ́n sọ nǹkan ọgọ́ta ọdún di tuntun, kí ló fẹ́ kí wọ́n fi ọgọ́ta ọdún yẹn ṣe?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá káfíńtà kan nítòsí ọjà pákó Bódìjà, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bàbá náà kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n yí àga po, wọ́n fi èékánná kan án, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní kí n wo ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ìjókòó, ṣé mo rí ìṣó? Kò sí ìṣó kankan. Ẹni tó ṣe é gbẹ́ ihò sára igi kan, ó gé ahọ́n sí èkejì, ahọ́n wọ inú ihò, gúlùú tí wọ́n fi awọ àti eegun màlúù sè ló di wọ́n mú. "Omi gbígbóná á tú u," ni bàbá wí, "a ó wá tún un lẹ̀. Ẹni tó bá kan ìṣó mọ́ ọn, ó ti pa á nìyẹn." Àga nọ́ńbà 2 tí apá rẹ̀ ya, ẹnì kan ti kan ìṣó mẹ́ta mọ́ ọn rí. Ojú ìṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni igi ti là.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n da sípíríìtì díẹ̀ sí òwú, wọ́n fi nu abẹ́ apá àga, níbi tí ojú ò tó. Òwú náà di pupa, ó ń lẹ̀. Wọ́n ní ṣẹ́láàkì, ohun ìkungi ayé àtijọ́, ni wọ́n fi kùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀, pé kò sí ìdí láti fá ohunkóhun, pé ṣẹ́láàkì tuntun á wọ inú ti àtijọ́ bí omi ṣe ń wọ inú omi. Tó bá jẹ́ fáníṣì ayé òde òní ni, sípíríìtì kò ní rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá fi kẹrosínì díẹ̀ sí àkísà, wọ́n fi nu apá àga. Dúdú tí mo ti rò pé ó jẹ́ àwọ̀ igi wá sára àkísà. Òróró ẹran sísun ni, èéfín àdògán, ọwọ́ àwọn èèyàn. Lábẹ́ rẹ̀, ìrókò náà pọ́n bí oyin ìgàn.

Bàbá sọ fún mi pé ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ìyeyè, pé ìmọ́lẹ̀ àti ọdún ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ yìí. Sáńpépà á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó gbogbo ọdún yẹn lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó fá, ẹ nù. Kí ẹ tó nù, ẹ dán an wò níbi tí kò hàn. Tí ó bá di dandan kí wọ́n fá igi lágbàlá yín, ẹ bo imú. Eruku ìrókò máa ń fa sísín àti ara yíyún, èmi sì sín fún odindi ọjọ́ kan.

Ní ti ọgbẹ́ rédíò, bàbá ní àwọn lè wá igi tín-ín-rín tó jọ ọ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n yóò hàn. Mo ní kí wọ́n fi ṣẹ́láàkì pa á kí omi má wọ̀ ọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkìlọ̀ kan tún rèé fún ẹni tó bá ní irú rédíò yìí: ẹ má kàn fi wáyà rẹ̀ há iná torí pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Àwọn ohun kéékèèké tó ń gba iná dúró nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ìwé dì, ti gbó. Ó lè jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ̀ nípa rédíò onígílóòbù ni kó kọ́kọ́ tú u.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò ní gùn. Ní 1999, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti lẹ táìlì bo tẹ́rásò. Nígbà tí a ṣí i kúrò ní 2020, sìmẹ́ǹtì táìlì ṣì lẹ̀ káàkiri, òṣìṣẹ́ kan sì ní ásíìdì á kó o. Ó dà á sílẹ̀ nítòsí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ náà hó fùù bí omi ọṣẹ. Màbù ni ásíìdì ń jẹ, àṣé òkúta ẹfun ni màbù. Ibi tó tó ẹní kan di págunpàgun, kò dán mọ́. Ẹ̀rọ ìlọlẹ̀ olómi ni a fi tún gbogbo rẹ̀ lọ̀, láti orí òkúta tó rí gbàgì-gbàgì dé èyí tó kúná, a wá fi ìda pa á. Ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ àti omi nìkan ni mo ń lò báyìí. Ọsàn wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ kán síbẹ̀, àwọn oògùn fífọ ilé ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Kúṣìnì orí àga bàbá mi náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Mo ra fóòmù íǹṣì mẹ́fà torí mo rò pé bó bá ṣe nípọn tó ni yóò ṣe rọni lọ́rùn tó. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí i, ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀, apá àga wá bọ́ sí ìdí wọn bí ẹni jókòó sórí àpótí. Ẹni tó gbẹ́ àga yẹn ti wọn gbogbo rẹ̀ mọ́ kúṣìnì fẹ́lẹ́. Nígbà tí mo gé fóòmù padà sí íǹṣì mẹ́rin, ara àga náà padà sípò, àfi bíi pé bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ jẹ́ tiwa. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo yàn, Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ kọ òpó gbọ̀ngàn Màpó sí. Ó rẹwà débi pé mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó títí. Ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́, ìyàwó àbúrò mi wọ léèsì funfun wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dìde, ìdí aṣọ rẹ̀ ti di búlúù. Aró máa ń ràn, pàápàá tí òógùn bá kàn án. Mo ra léèsì mìíràn fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Aṣọ òfì elépo ni mo fi bo ìjókòó báyìí, ó nípọn, ó ń dúró. Àdìrẹ wà lórí ìrọ̀rí kéékèèké àti lára ògiri, lẹ́yìn tí mo ti fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́.

Mo tún kó ohun tó pọ̀ jù sínú pálọ̀ ní ìgbà kan. Mo ti di ẹni tó ń ra gbogbo ohun àtijọ́: fóònù oníyíyí, aago ògiri, àwọn ìgò, tábìlì mẹ́ta. Ọmọ-ọmọ mi ní, "Màmá àgbà, níbo la ó ti ṣeré?" Mo wo fọ́tò 1964 lẹ́ẹ̀kan sí i. Àga, tábìlì kékeré kan, rédíò, òdòdó nínú ife. Ilẹ̀ tó ṣófo ló pọ̀ jù nínú fọ́tò yẹn, atẹ́gùn ló sì ni ibẹ̀. Mo fún àwọn èèyàn ní ìdajì ohun tí mo rà. Mo lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì Dominican tí Demas Nwoko, ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà, ya àwòrán rẹ̀ ní Samọ́ńdà lọ́sẹ̀ yẹn náà, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, bí igi àti òkúta ṣe ní àyè láti mí. Nígbà tí wọ́n fún bàbá yẹn ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà, ẹ̀bùn ńlá fún àwọn ayàwòrán ilé, ní Venice ní 2023, inú mi dùn bíi pé ará ilé mi ni wọ́n fún. Ó sì dùn mí lọ́kàn pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọjá lára iṣẹ́ ọwọ́ wọn lójoojúmọ́ láì gbójú sókè.

Iná pálọ̀ ni mo yí padà kẹ́yìn. Gílóòbù funfun báláú máa ń mú kí ìrókò dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Mo fi èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sí i, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí igun dípò àárín àjà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun ni àlejò máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Nọ́ńbà 1, 2 àti 4 wà nílé báyìí. Mo fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, mi ò gbé nǹkan kan síbẹ̀. Tí mo bá wọ ilé ọtí, tàbí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tàbí ẹ̀yìn ilé ẹnikẹ́ni, tí mo rí ẹsẹ̀ tín-ín-rín tó ṣẹ́ síta díẹ̀, mo máa ń kí ẹni tó ni ín dáadáa, màá tọrọ àyè, màá kúnlẹ̀, màá sì wo abẹ́ rẹ̀.